Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Pupa Ni Epo: Ẹ Ṣọ́ra Fún Ọ́ìlì Gíà Mọ́tò Yín

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, kí ló kan alátà àti elépo nínú ọ́ìlì mọ́tò? Ó kàn wá gan-an ni. Nígbà àwọn ìyá wa, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù wọ ọjà, ẹni tó bá rọ́wọ́ mú á wọ bọ̀lẹ́kájà. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kó àjọ, tó tún yá owó alájẹṣẹ́kù lé e, tó fi ra Sienna tàbí Corolla tòkunbọ̀ tó ń bá a kó ẹrù. Bí mọ́tò yẹn bá dákú lọ́nà, òwò dákú nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í bá mọ́tò dákú, ọjọ́ Mọ́ńdè tí a ń san owó á pé, wọ́n á sì kan ilẹ̀kùn.

Púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé ló jẹ́ ọ́tò, ìyẹn ni pé wọn kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ gíà. Ohun tó dára ni, kì í jẹ́ kó rẹ èèyàn nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Àmọ́ ohun kan wà tó ń pa gíà ọ́tò kíákíá, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ àwa èèyàn ló ti ń wá: kí á rọ ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ibi tí wàhálà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní èdè wa, gbogbo ohun tí wọ́n bá ti rọ sínú gíà, "ọ́ìlì gíà" la ń pè é. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn la fi ń pe ọ́ìlì dúdú tó ki bí oyin tí wọ́n ń rọ sí gíà mánúà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní náíntì. Òun náà la fi ń pe ọ́ìlì pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti gíà ọ́tò, tí wọ́n ń kọ ATF sí lára. Bí ẹ bá wá rán ọmọ pé "lọ ra ọ́ìlì gíà wá", ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ ọjà tó ní "ẹ bá mi wọn epo". Epo wo? Epo pupa ni àbí òróró ẹ̀pà, àbí epo mọ́tò, àbí kẹrosíìnì?

Àní tí a bá tún ní ká ra ti pupa, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Àwa tí à ń ta epo pupa mọ èyí dáadáa. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa àwọn tó ń da aró Sudan sínú epo kó lè pọ́n bí epo tuntun. Ojú á rí i pé ó pọ́n, ṣùgbọ́n inú ni nǹkan wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì gíà ọ́tò. Aró ni pupa tí ẹ ń rí yẹn o! Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fi aró sí i, kí ó lè rọrùn láti mọ̀ pé òun ló ń jò nígbà tí ó bá kán sílẹ̀, kí á má ṣì í mú fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Pupa yẹn kò sọ irú èyí tó jẹ́ fún yín. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.

Kí ni ọ́ìlì yìí ń ṣe nínú gíà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi le tó báyìí? Ẹ fi fáànù méjì dojú kọ ara wọn. Ẹ tan ọ̀kan, ẹ má tan èkejì. Afẹ́fẹ́ èyí tí ẹ tàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí èyí tí ẹ ò tàn. Bí gíà ọ́tò ṣe ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì nìyẹn, àmọ́ ọ́ìlì ló wà níbẹ̀ dípò afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ kìíní nìyẹn. Iṣẹ́ kejì, ọ́ìlì yìí kan náà ni páńpù ń tì gba inú àwọn ihò tóóró láti lọ tẹ àwọn pílétì kílọ́ọ̀ṣì inú gíà pọ̀, kí wọ́n lè di ara wọn mú. Ẹ̀kẹta, òun ló ń jẹ́ kí irin máa yọ̀ lórí irin, kí wọ́n má bàa jẹ ara wọn. Ẹ̀kẹrin, òun ló ń gbé ooru jáde lọ sí ibi tí ó ti ń tutù, tó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, inú rédíétọ̀ ni.

Ẹ wá wò ó. Ọ́ìlì kan náà gbọ́dọ̀ yọ̀ kí irin má bàa ha, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí pílétì di ara wọn mú. Ó yọ̀, kò yọ̀! Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé àpòpọ̀ ni, bí àgbo. Olúkúlùkù ilé iṣẹ́ mọ́tò ló mọ ewé àti egbò tó kó sínú tirẹ̀. Bí ó bá yọ̀ jù, pílétì á máa yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n á máa jóná. Bí ó bá dì jù, mọ́tò á máa gbọ̀n, á máa gbá èèyàn bí ẹni tí ẹṣin ta nípàá. Bí ó bá ki jù, kò ní lè gba inú ihò tóóró yẹn kọjá lásìkò. Bí ó bá ṣàn jù, agbára tí yóò fi tẹ pílétì pọ̀ kò ní tó.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní ọdún 1939 ni ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé gíà ọ́tò tí wọ́n pè ní Hydra-Matic jáde, fún mọ́tò Oldsmobile ti ọdún 1940. Ní ọdún 1949 wọ́n fún ọ́ìlì rẹ̀ lórúkọ, wọ́n pè é ní Type A. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Dexron dé. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nínú Dexron ìgbà náà? Epo ara àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é! Òun ló ń jẹ́ kí pílétì di ara wọn mú bó ṣe yẹ. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de òwò ẹranko náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nítorí pé ó ń tán nínú òkun, wọ́n ní láti wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò rẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe Dexron-II. Láti ìgbà náà ni orúkọ ti ń pọ̀ sí i, tí Ford ní Mercon tirẹ̀, tí Toyota, Honda àti Nissan náà sì ní tiwọn.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń ṣi ọ́ìlì rọ. Ní ọdún 1989, ilé iṣẹ́ Chrysler gbé gíà ọ́tò tuntun kan jáde tí wọ́n ń pè ní A604, wọ́n sì fi sínú àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí àwọn oníyàwó-ọlọ́mọ ń rà, irú èyí tí Sienna wa yìí jẹ́. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún un lọ́tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń rọ Dexron sí i, torí òun ló wà níta káàkiri, ìwé tó bá mọ́tò náà wá sì gbà wọ́n láyè pé kí wọ́n lò ó bí wọn kò bá rí ti ilé iṣẹ́. Gíà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òmíràn ń yọ̀, ọ̀pọ̀ kú. Gíà náà ní àléébù tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ dá kún un. Nígbà tó yá, Chrysler tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má rọ nǹkan mìíràn sí i ju tàwọn lọ. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí òyìnbó tó ní ìwé lọ́wọ́, àwa tí a kì í bá ìwé nínú mọ́tò tòkunbọ̀ ńkọ́?

A ní láti sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa, torí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn alátà wa, a ò ní dárúkọ rẹ̀, ra Sienna tó fi ń kó ata rodo àti tòmátì láti Ìsẹ́yìn. Gíà rẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì tí ń bá a tún un ṣe ní kí ó ra ọ́ìlì gíà. Ìyá náà rán ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ ọ́ìlì gíà, wọ́n sì tà á fún un. Náíntì ni wọ́n tà fún un, ọ́ìlì mánúà. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ló rọ ọ́, ọ̀gá rẹ̀ kò sí nílé. Mọ́tò náà lọ sí Ìsẹ́yìn, ó ń fà tìkọ̀-tìkọ̀. Nígbà tó ń bọ̀, ó kù díẹ̀ kó dé Mọ́níyà ni ẹ́ńjìnnì ń ké, tí táyà kò yí mọ́. Oòrùn ọ̀sán, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún inú ọkọ̀. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn, ọjọ́ kejì ti mọ́, omi tòmátì sì ti ń ṣàn lábẹ́ ìjókòó.

Nígbà tí ẹjọ́ dé ilẹ̀, mẹkáníìkì ní òun kọ́ lòun ra ọ́ìlì. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ní ohun tí wọ́n béèrè lòun tà. Ọmọ náà ní ohun tí wọ́n rán òun lòun jẹ́. Ìyá ní ohun tí mẹkáníìkì sọ lòun sọ. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn! Orúkọ ọ́ìlì ni kò pé lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹkáníìkì jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ọjà wa, wọ́n sì dá a pé ọ̀gá mẹkáníìkì ló yẹ kó wo ohun tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń rọ, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ó fi gíà mìíràn sí mọ́tò láì gba owó iṣẹ́. Ìyá ló ra gíà tòkunbọ̀ náà fúnra rẹ̀. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, ó ṣì ń san owó mọ́tò, ó sì ń san owó gíà. Owó tòmátì kò padà rárá. Òun ló ní kí a kọ ọ́ síwèé kí ẹlòmíràn lè rí i kà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ orúkọ. Ẹ mú gègé, ẹ kọ èyí tó bá kan mọ́tò yín sílẹ̀:

Toyota: àwọn ti àtijọ́ díẹ̀, bí Corolla 2003 sí 2008, T-IV ni wọ́n ń lò. Àwọn tó dé lẹ́yìn, bí Corolla 2009 sí 2013, WS ni tiwọn. WS fẹ́lẹ́ ju T-IV lọ, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Honda: Z1 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, DW-1 ló rọ́pò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2011. DW-1 ṣeé rọ sí èyí tó ń lo Z1.

Àwọn mọ́tò General Motors: Dexron-VI ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ìwé àṣẹ tí General Motors fi ń jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ lo orúkọ Dexron-III parí ní òpin ọdún 2006. Bí ẹ bá rí Dexron-III lórí igbá lónìí, ẹ mọ̀ pé General Motors kò dúró fún un mọ́.

CVT: èyí lagbára jù o. Àwọn mọ́tò kan wà tó jọ ọ́tò ṣùgbọ́n tí inú gíà wọn yàtọ̀. Bẹ́líìtì irin ló wà láàárín àwọn àgbá irin méjì, àwọn àgbá náà ń fún un mọ́ra. Ọ̀pọ̀ Nissan ló ń lò ó, ọ̀pọ̀ nínú Corolla 2014 sókè láti Amẹ́ríkà náà ń lò ó. Nissan ní NS-2 àti NS-3, Toyota ní CVT Fluid FE. Bí ẹ bá rọ ọ́ìlì ọ́tò lásán sí CVT, bẹ́líìtì á máa yọ̀, á máa ha àwọn irin náà, gíà yẹn kò sì ní pẹ́ kú.

Bí ẹ kò bá mọ ti mọ́tò yín, ẹ fa gééjì ọ́ìlì gíà jáde. Lára gééjì ọ̀pọ̀ Toyota, wọ́n kọ orúkọ ọ́ìlì náà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó mọ̀wé kà á. Àwọn mọ́tò tuntun kan kò ní gééjì rárá, ìwé mọ́tò ni ẹ ó wò, tàbí kí ẹ mú nọ́ńbà mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti ṣe gíà? Bí ẹ bá fi sí D tàbí rìfáàsì tí mọ́tò dúró díẹ̀ kó tó gbéra. Bí ó bá ń gbá yín nígbà tó bá ń pààrọ̀ gíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ṣùgbọ́n tí mọ́tò kò sáré. Bí ó bá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bí ẹ bá fa gééjì tí ọ́ìlì dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná. Bí ó bá funfun mọ́ pupa bí yógọ́ọ̀tì, omi rédíétọ̀ ló ti wọ inú rẹ̀, ẹ má ṣe wa mọ́tò yẹn mọ́.

Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n ti ṣi ọ́ìlì rọ, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ó ṣe. Bí wọn kò bá tíì tan mọ́tò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn án. Wọ́n á tú u dà nù nígbà náà, gíà ò ní mọ̀ rárá. Bí wọ́n bá ti tàn án, ẹ pa á. Ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ kó gbé wa délé". Bí ẹ bá máa fà á, kí wọ́n gbé táyà tó ń fa mọ́tò kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀, torí wíwọ́ nílẹ̀ lè ba gíà ọ́tò jẹ́ síwájú sí i. Tí ẹ bá tú ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan, apá kan ló ń jáde, bí lítà mẹ́ta sí mẹ́rin nínú Sienna, tí púpọ̀ sì ṣẹ́ kù sínú. Nítorí náà, wọ́n á tú u, wọ́n á rọ òmíràn, wọ́n á tún tú u, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí èyí tí kò dára tó lè tán níbẹ̀. Owó ni lóòótọ́, àmọ́ kò tó owó gíà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ìlì bíréèkì rọ́pò rẹ̀ o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ìlì gíà rọ́pò ti bíréèkì. Ti àkọ́kọ́ á ba rọ́bà àti pílétì gíà jẹ́. Ti èkejì á wú rọ́bà bíréèkì, mọ́tò kò sì ní dúró nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀mí ni ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, yálà ní Aráròmí ní Gate nílùú Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ ní Múṣín, ẹ ṣe bí ẹni tó ń ra ọjà tà. Ẹ má ra èyí tí wọ́n rọ sínú ike omi, bó ti wù kó pọ́n tó. Ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ orúkọ ọ́ìlì sí i ní kíkún, kì í ṣe "ọ́ìlì gíà" lásán. Ẹ dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́, ẹ sì gba ike òfìfo rẹ̀ sọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé "màmá, kí lẹ mọ̀ nínú mọ́tò?" Bí oníbàárà bá bèèrè lọ́wọ́ wa pé ibo la ti rà epo wá, ṣé a kì í dá a lóhùn ni? Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè, kódà inú rẹ̀ á dùn pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó wọ gíà mọ́tò yín, ẹ jẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ dá yín lójú. Ẹgbẹ́ ti ní kí akọ̀wé ṣí ìwé kan sí ọ́fíìsì wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ní mọ́tò, kó wá sọ irú rẹ̀ àti ọdún rẹ̀, a ó bá a wá orúkọ ọ́ìlì rẹ̀, a ó kọ ọ́ sórí káàdì fún un láti lẹ̀ mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ wá ní ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ má dúró dìgbà tí tòmátì bá ń kán sílẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.